Ìyá Aránṣọ àti Ìbéèrè Keje

Kò sí ohun tí Àdìjá, ìyá aránṣọ tó wà ní Ìyànà Ìbà, kì í kà. Bọ́tìnì tí èèyàn bá gbé wá fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò kà á, yóò sì ní kí ẹni tó gbé e wá náà kà á lójú òun. Ó mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ Okokomáíkò ti ń kérò. Bí aláṣọ bá ta ọ̀pá mẹ́ta fún yín, tó sì rẹ́ ìka méjì jẹ níbẹ̀, Àdìjá kò ní tíì yọ tépù kúrò lọ́rùn kó tó sọ fún yín. Ojú lásán ló máa fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ọmọ mélòó ló ní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kúrò lórí ẹ̀rọ, yóò wò yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí aṣọ tó fẹ́ gé, yóò ní, "Ọlọ́run ló ni wọ́n." Lẹ́yìn náà yóò tún máa wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ẹ̀yin ni ẹ óò sì wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Ìdí wà fún un. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí àwọn tó ń ka èèyàn fún ìjọba dé ìlú wọn, lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, lọ́dún 1963. Ìyá rẹ̀ to àwọn ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì fi ìdùnnú kà wọ́n sókè fún ọkùnrin tó mú bírò dání. Mẹ́fà ni wọ́n. Àrùn èéyi jà nílùú nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ máa fi rọ̀, àwọn tó ṣẹ́ kù kò tó ohun tí ìyá ń kà sókè mọ́. Àdìjá kò sọ pé bírò ọkùnrin yẹn ló pa wọ́n. Kò sì sọ pé òun kọ́. Ohun tó sọ ni pé òun kò ní dán an wò.

Ọdún 1971 ni Sàlámì ọkọ rẹ̀ mú un wá sí Ìbà, kí wọ́n tó la títì ńlá tó lọ sí Badagry, Fàtáì àkọ́bí rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Sàlámì ń lẹ táyà ní Okokomáíkò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ láàárọ̀ lè jẹ́ òun náà ni yóò tún sọ nírọ̀lẹ́. Àdìjá ra ẹ̀rọ àlòkù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, nítorí ó rí i pé aṣọ ìnáwó lè dúró, ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé ní Ìbà. Bọ́sẹ̀ ni Àdìjá bí tẹ̀ lé Fàtáì, ó sì bí Àdìsá tẹ̀ lé Bọ́sẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kò dúró níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣaláìsí, ọmọ mẹ́ta tó fi sílẹ̀ wá. Àbúrò Sàlámì ní iléèwé tó wà nílé kò dára, ó fi mẹ́ta ránṣẹ́. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ológun ojú omi ní Navy Town máa ń wà lórí omi fún oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ sì ń ta ọjà lọ sí Kútọnu, àwọn ọmọ wọn méjì kò mọ ilé mìíràn ju ti Àdìjá lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì náà wà tí wọ́n ń sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ́wùmí, ọmọdébìnrin kan tó ń lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, máa ń bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá ti jáde, á jẹun pẹ̀lú àwọn yòókù, á dúró di ìgbà tí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bá dé láti ẹnu iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ro gbogbo wọn pọ̀, kó rò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, kó má fi ti Àdìjá kún un. Màámi ni gbogbo wọn ń pè é. Tí oṣù kẹsàn-án bá sì dé, kálukú wọn ló ń rí yunifọ́ọ̀mù tuntun wọ̀, kò sí ẹni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ta ló sanwó rẹ̀.

Lọ́dún 1990, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn tó ń ṣèpàdé ní Okokomáíkò dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó bá wà ní yunifásítì. Alága ẹgbẹ́ ni Bàbá Onípákó, àgbàlagbà tó ń ta pákó, tí kò lọ síléèwé lọ́jọ́ kan rí, tí kò sì sí ẹni tó lè yàn án jẹ nínú owó. Akọ̀wé ni ọ̀gbẹ́ni Ọládàpọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá. Òun ni bàbá Ọmọ́wùmí. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn fọ́ọ̀mù bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn ẹmu. Nígbà tí ẹgbẹ́ fẹ́ ra àga mẹ́wàá, ó ṣe fọ́ọ̀mù fún àga. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ní ìpàdé, fọ́ọ̀mù wà fún un. Ó ní ìpàdé lójoojúmọ́, bí kò bá sì ní ìpàdé, ó ń ṣe fọ́ọ̀mù ìpàdé ọjọ́ kejì.

Ìbéèrè méjìlá ló wà nínú fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ náà, akọ̀wé fi Yorùbá kọ ọ́ kí àwọn òbí lè kà á. Ìbéèrè keje sọ pé: *Ọmọ mélòó ni àwọn òbí rẹ ní?* Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni wọ́n máa fi pín owó. Ilé tí ọmọ bá pọ̀ sí, owó tirẹ̀ yóò pọ̀. Ilé tí ọmọ kò bá pọ̀ sí, yóò gba owó bíńtín fi ra ìwé.

Àwọn méjì ló ń lọ sí yunifásítì nílé Àdìjá, èyí tó wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀, tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Fàtáì wà ní ọdún tó kẹ́yìn, Bọ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Fàtáì gbé fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ sórí pákó tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ó fi rúlà sí abẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan kí lẹ́tà rẹ̀ má baà wọ́. Irú ọmọ tó jẹ́ nìyẹn. Nígbà tó dé ìbéèrè keje, ó bi ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní Ọlọ́run ló ni wọ́n. Ó tún bi í, ó ṣàlàyé pé fọ́ọ̀mù ló ń béèrè, kì í ṣe òun. Ìyá rẹ̀ ní kí fọ́ọ̀mù lọ bi Ọlọ́run. Fàtáì mí kanlẹ̀, ó ro inú tó bí òun, ó ronú pé òun mọ àwọn tó tibẹ̀ jáde, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ dáadáa: mẹ́ta.

Bọ́sẹ̀ kò bi ìyá rẹ̀ ní nǹkan kan. Ó dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ro ọkà lẹ́yìnkùlé, tí èéfín gba ojú rẹ̀, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé abọ́ mélòó ni kí òun gbé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

"Mẹ́rìnlá," ni Àdìjá wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Àbí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé yìí ni?"

Bọ́sẹ̀ nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó fa bírò yọ láti inú irun orí rẹ̀, ó kọ mẹ́rìnlá sí ìbéèrè keje. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé abọ́.

Oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Bọ́sẹ̀, ọmọ Sàlámì: ẹgbẹ̀ta náírà. Fàtáì, ọmọ Sàlámì: àádọ́jọ náírà. Orúkọ wọn tẹ̀ lé ara wọn lórí ìwé, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ti lè rí i.

Àwọn èèyàn sì ń kọjá. Felicia tó ń ta òwú àti bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Àdìjá ló kọ́kọ́ mú un wá. Ó ní òun kò fẹ́ wádìí o, òun kàn ń wò ó pé bàbá kan náà, ìyá kan náà, ìlú kan náà, kí ló wá dé tí ẹgbẹ́ fi ọmọ kan sápá ọ̀tún, tí wọ́n fi ìkejì sápá òsì? Ó ní àwọn kan ń sọ ní ìdíkọ̀ pé bóyá ẹgbẹ́ mọ ohun tí Sàlámì kò mọ̀. Òun kọ́ ló sọ ọ́ o. Àdìjá ra òwú dúdú méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó padà sídìí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ rẹ̀. Sàlámì pe Fàtáì sítòsí, ó yí i lójú sọ́tùn-ún, ó yí i lójú sósì.

"Imú mi rèé," ló wí, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sinmi. Ó ní kí bọ̀ọ̀dá òun wá kí òun dáadáa, ọmọ olówó ni òun. Bí Fàtáì bá bu omi mu, á ní kó rọra, ilé ọlọ́mọ mẹ́ta kì í mu omi tó bẹ́ẹ̀. Ó pè é ní Alhaji Mẹ́ta. Àwọn ọmọ kéékèèké gbọ́ ọ, wọ́n sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí tí ojú Fàtáì fi ń pọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ti ka oókan, eéjì.

Ọ̀rọ̀ náà sì lágbára fún un ju àwàdà lọ. Fàtáì ní láti fi ìwé ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ fún ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, kó dì í, kó sì san owó ìdánwò, kí ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i tó pé. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni gbogbo rẹ̀ á jẹ. Bí kò bá rí i, ọdún kan yóò tún kọjá lórí rẹ̀. Àdìjá ti rò ó lórí ẹ̀rọ: kí Bọ́sẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára tirẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Bọ́sẹ̀ kò kọ̀. Ó kàn ní kí bọ̀ọ̀dá òun kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó dùn ni.

Fàtáì kò tọrọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó mú rúlà rẹ̀ dání, ó lọ bá akọ̀wé nílé. Ó ṣàlàyé fún un pé ilé kan náà ni òun àti Bọ́sẹ̀ ti wá, pé kò bá ìṣirò mu kí ilé kan náà ní iye ọmọ méjì. Ó rò pé akọ̀wé yóò fi kún tòun ni. Akọ̀wé gbé fọ́ọ̀mù méjèèjì síwájú. Orúkọ bàbá kan náà. Orúkọ ìyá kan náà. Ìbéèrè keje: mẹ́ta, ìbéèrè keje: mẹ́rìnlá. Wọ́n ní ojú rẹ̀ tàn bí ojú ẹni tó rí owó he.

Lọ́jọ́ kejì ni lẹ́tà dé, ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹgbẹ́ ti dá owó àwọn ọmọ méjèèjì dúró. Kí ìyá wọn wá síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye ọmọ tó ní. Bí kò bá wá, tàbí bó bá wá tí kò sọ ọ́, wọ́n máa fagi lé orúkọ méjèèjì.

Àdìjá ní kí Fàtáì kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Fàtáì dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé òun kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Bọ́sẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó pa á mọ́ra. Sàlámì ní kí òun lọ sọ ọ́ fún wọn. Àdìjá bi í pé mélòó ni yóò sọ. Sàlámì ronú. Ó ní nígbà tí òun bá ń lọ láàárọ̀, wọ́n ṣì ń sùn. Nígbà tí òun bá sì dé, wọ́n kì í dúró sójú kan. Àdìjá ní kó jókòó.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wa ẹ̀rọ láìgbójú sókè. Ó ń rántí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé wọn, bí ìyá rẹ̀ ṣe nàka sí wọn níkọ̀ọ̀kan, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn lẹ́nu rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, àwọn ọmọ méjì á pàdánù owó, ọ̀kan á pàdánù ọdún kan. Bí òun bá sọ ọ́, òun yóò máa wo ẹnu ọ̀nà lójoojúmọ́ títí ọyẹ́ yóò fi kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ó fẹ́ gé ṣòkòtò kan fún Àdìsá àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ mú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ láti wo gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwé gbọọrọ kan ni, èyí tó fi ń kọ ìwọ̀n àwọn ọmọ ilé nìkan. Ti àwọn oníbàárà wà lọ́tọ̀. Ó ṣí i, ó wo ojú ìwé Àdìsá. Ó ṣí òmíràn. Ó jókòó pẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, kò gé nǹkan kan. Felicia tó yọjú wọlé ní ó dà bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èyí tí kò wọ́pọ̀.

Ọjọ́ Sátidé, ó wé gèlè rẹ̀ tó le, ó ki ìwé náà sínú báàgì, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Okokomáíkò. Fàtáì àti Bọ́sẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbọ̀ngàn, wọn kò wo ara wọn. Bàbá Onípákó jókòó ní àárín, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì yí i ká, akọ̀wé sì wà nídìí tábìlì pẹ̀lú bírò méjì, pupa àti búlúù.

Akọ̀wé kí i dáadáa. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀.

"Ìyá Fàtáì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Akọ̀wé, ẹ ka bí ó ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù fún mi. Mi ò mọ̀wé tó yín."

Akọ̀wé kà á: ọmọ mélòó ni àwọn òbí rẹ ní. Àdìjá ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

"Mi ò gbọ́ *bí* níbẹ̀," ni Àdìjá wí.

Bàbá Onípákó ní kí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù náà wá. Kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní òótọ́ ni, òun náà kò rí *bí* kankan níbẹ̀. Akọ̀wé ṣàlàyé pé tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé, ohun kan náà ni *ní* àti *bí*.

"Bàbá wa yìí ní pákó," ni Àdìjá wí. "Ṣé wọ́n bí pákó ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀, kò sì lè dá ikọ́ náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Akọ̀wé fi bírò pupa sílẹ̀, ó mú aláwọ̀ búlúù. Ó ní ó dáa, kò burú, mélòó ni Ìyá Fàtáì *ní*?

Àdìjá kò yára. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, Akọ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é kí n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin ńkọ́? Mélòó lẹ ní?"

Akọ̀wé la ẹnu. Ọmọ ìlú wọn náà ni, ilé kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti tọ́ òun náà dàgbà, ìyá tirẹ̀ náà sì wà láyé lọ́dún tí wọ́n ń ka èèyàn. Ó wo bírò rẹ̀. Ó wo òrùlé.

"Àwọn tí Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ," ló wí nígbà tó yá.

Bàbá Onípákó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wo àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì yòókù, kálukú wọn sì rí nǹkan wò lójú fèrèsé.

Àdìjá wá yọ ìwé ìwọ̀n rẹ̀ jáde, ó gbé e sórí tábìlì níwájú akọ̀wé. Ó ní òun kò ní ka ọmọ, òun kò sì ní jẹ́ kí wọ́n ka ọmọ. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí òun bá ń fún lóúnjẹ, tí òun sì ń rán aṣọ fún ní oṣù kẹsàn-án láìgba kọ́bọ̀, ojú ìwé kan ni onítọ̀hún ní níbẹ̀: àyà rẹ̀, ìbàdí rẹ̀, gígùn apá rẹ̀, ìlà kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ka ojú ìwé," ló wí. "Ẹ ṣáà ti máa ṣí i jẹ́jẹ́, ó ti gbó."

Iṣẹ́ tí akọ̀wé mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ó fi ìka kan ẹnu, ó ń ṣí i, ó ń kà á sókè pẹ̀lú ohùn ọ́fíìsì. Ojú ìwé Fàtáì ló ṣáájú. Ìlà tó wà níbẹ̀ ti kún dé ìsàlẹ̀, ó ti yí sí ẹ̀yìn. Ti Bọ́sẹ̀ tẹ̀ lé e, ti Àdìsá, ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n, ti àwọn ọmọ àbúrò ọkọ, ti Navy Town, ti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó ka mẹ́tàlá, ó ṣí èyí tó kù, ohùn rẹ̀ sì dá.

*Ọmọ́wùmí Ọládàpọ̀.* Ìlà mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta, yunifọ́ọ̀mù mẹ́ta. Gbogbo ọdún mẹ́ta yìí ni akọ̀wé fi ń rí yunifọ́ọ̀mù tuntun lára ọmọ rẹ̀, ó rò pé ìyá ọmọ náà ló ń sanwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í lẹ́yìn èyí, ní òun rò pé bàbá ọmọ náà ni, òun tilẹ̀ ti ń fi yìn ín fún àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ òun.

"Akọ̀wé, kí ló dé?" ni Bàbá Onípákó bi í. "Ṣé ojú ìwé ya ni?"

"Rárá, Bàbá. Mẹ́rìnlá ni."

"Ka èyí tó gbẹ̀yìn sókè ká gbọ́."

"Ó ti pé, Bàbá. Mẹ́rìnlá ni."

Àdìjá ń wo ọkọ̀ tó ń lọ lójú títì. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé èyí tó gbẹ̀yìn kò yẹ níbẹ̀, kí akọ̀wé fà á ya. Ìwé lásán ni, òun kò ní bínú.

"Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀, Ìyá Fàtáì," ni akọ̀wé wí, ó sì rọra pa ìwé náà dé.

Bàbá Onípákó yíjú sí bẹ́ǹṣì, ó bi Bọ́sẹ̀ pé ta ló sọ mẹ́rìnlá fún un nígbà tí ìyá rẹ̀ kì í sọ ọ́. Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní abọ́ ni òun kà. Bàbá Onípákó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní ọmọ yìí ni kí wọ́n fi ṣe akọ̀wé lọ́jọ́ iwájú. Akọ̀wé tó wà lórí àga lọ́wọ́lọ́wọ́ mú bírò pupa, ó fagi lé mẹ́ta tí Fàtáì fi rúlà kọ, ó kọ mẹ́rìnlá sókè rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè bóyá ilé kan lè gba ẹgbẹ̀ta náírà lẹ́ẹ̀mejì, akọ̀wé yára dá a lóhùn pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí òfin tó lòdì sí i. Kò tíì yẹ nǹkan kan wò.

Wọ́n ń rìn lọ síbi ọkọ̀, Fàtáì wá sọ pé òun kò mọ̀ pé Màámi ṣì ń kọ ìwọ̀n òun sílẹ̀, òun tí òun ti dàgbà.

"Gíga rẹ ti dúró," ni Àdìjá wí. "Àwọn nǹkan mìíràn ni mo ṣì ń retí."

Wọ́n wọkọ̀. Bọ́sẹ̀ rọra bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá Alhaji Mẹ́rìnlá lè bá òun san owó ọkọ̀. Fàtáì san án.

Ó san owó ìdánwò rẹ̀ ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, ó ku ọ̀la kí ọjọ́ pé, ó sì jáde yunifásítì lọ́dún yẹn. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ti wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ìpàdé náà, ó gbé ọ̀pá mẹ́ta aṣọ yunifọ́ọ̀mù wá fún ti Ọmọ́wùmí, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù kékeré kan tí Àdìjá máa fọwọ́ sí pé òun gbà á. Àdìjá fọwọ́ sí i. Ó wo aṣọ náà níbi tó jókòó, ó ní kí Akọ̀wé jọ̀ọ́ padà lọ bá ẹni tó tà á fún wọn, ìka méjì ló dín.

Fọ́ọ̀mù ọdún tó tẹ̀ lé e jáde, ìbéèrè keje ti yí padà. Ó béèrè pé: *Abọ́ mélòó ni wọ́n ń gbé sílẹ̀ fún ọmọ nílé yín?* Gbogbo ìyá tó wà nínú ẹgbẹ́ ló dá a lóhùn láìronú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1991, ìjọba ní kí gbogbo èèyàn jókòó sílé kí wọ́n kà wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó so káàdì mọ́ àyà, tí òòrùn ti pa, dé ẹnu ọ̀nà Àdìjá ní Ìbà, ó ní kí Màámà to àwọn ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àdìjá wo ògiri náà. Ó ní kó mú àga jókòó. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ó kó abọ́ jáde, ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ìlà méjì, ó nu ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń tò ó, ó sì ní kó máa kọ.

Ọ̀dọ́kùnrin náà kà á, ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló rí abọ́ kan tó dá wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó béèrè bóyá kí òun ka ìyẹn mọ́ ọn.

"Tìrẹ nìyẹn," ni Àdìjá wí, ó sì bu ọkà sí i.